Adìẹ Ń Làágùn: Ọ̀rọ̀ Lórí Àwọn Òṣìṣẹ́ Python

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lóṣù yìí lè jọ ọ̀rọ̀ àjèjì létí ẹni tí ń wa bọ́ọ̀sì, tàbí ẹni tí ń dúró ti ẹ̀rọ láti àárọ̀ di alẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ fara balẹ̀ kà á, nítorí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ni, ọ̀rọ̀ owó iṣẹ́ sì ni pẹ̀lú. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa àwọn ènìyàn tí ń tọ́jú ìwé atọ́nà àti irin iṣẹ́ ìdánwò fún èdè kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n ń pè ní Python. Èrò tèmi ni pé iṣẹ́ gidi ni wọ́n ń ṣe, pé àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá ń jẹ èrè rẹ̀, àti pé ó ti tó àkókò kí àwọn ilé iṣẹ́ náà máa san owó rẹ̀ déédéé, dípò kí wọ́n máa yìn wọ́n bí ẹni tí ń ṣe iṣẹ́ àánú.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé. Kọ̀ǹpútà kò gbọ́ Yorùbá, kò sì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Èdè tirẹ̀ wà tí a fi ń pàṣẹ fún un, oríṣiríṣi sì ni àwọn èdè náà. Ọmọ ilẹ̀ Netherlands kan, Guido van Rossum, ni ó bẹ̀rẹ̀ Python ní àsìkò Kérésìmesì ọdún 1989, nígbà tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwádìí CWI ní ìlú Amsterdam. Oṣù Kejì ọdún 1991 ni ó gbé e jáde fún ará ayé. (Orúkọ náà kò ní nǹkan í ṣe pẹ̀lú erè inú igbó o; àwọn apanilẹ́rìn-ín orí tẹlifíṣọ̀n ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tí ń jẹ́ Monty Python ni ó fi sọ ọ́.) Kò tà á. Ó ṣí i sílẹ̀ pé kí ẹnikẹ́ni mú un lò, kí ẹnikẹ́ni wo inú rẹ̀, kí ẹni tí ó bá sì rí àléébù níbẹ̀ tún un ṣe, kí ó fi àtúnṣe náà ránṣẹ́. Lónìí, Python ni wọ́n fi kọ Instagram tí àwọn ọmọ wa ń wò títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Òun ni wọ́n fi kọ Dropbox ní ìbẹ̀rẹ̀. Òun náà ni ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn tí ń ṣe ẹ̀rọ onílàákàyè ayé òde òní ń lò. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó san kọ́bọ̀ kan kí ó tó mú un lò.

Nísinsìnyí, ẹ lè bi mí pé: ohun tí gbogbo ayé lè tọwọ́ bọ̀, báwo ni kò ṣe bàjẹ́? Bí a bá ní kí gbogbo èrò inú bọ́ọ̀sì máa tún ẹ́ńjìnnì ṣe, ǹjẹ́ bọ́ọ̀sì náà yóò kúrò ní gáréèjì? Ibí yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ mi wà. Lóòótọ́, àwọn àgbà oníṣẹ́ wà tí ń yẹ àtúnṣe kọ̀ọ̀kan wò kí wọ́n tó gbà á wọlé. Ṣùgbọ́n ojú ènìyàn kò lè rí gbogbo rẹ̀. Ohun méjì ni àwọn àgbà náà gbára lé: ìwé atọ́nà tí ń kọ́ àlejò bí a ti ń ṣe iṣẹ́ náà, àti àkójọ ìdánwò tí àtúnṣe gbọ́dọ̀ là kọjá.

Ìwé atọ́nà tí mo ń wí kì í ṣe èyí tí ń kọ́ ni ní èdè Python. Ìyẹn wà lọ́tọ̀. Ìwé àwọn tí ó fẹ́ tún Python fúnra rẹ̀ ṣe ni. Ó ń sọ fún ẹni tí kò ṣe irú rẹ̀ rí, ì báà jẹ́ ará Ìbàdàn tàbí ará Japan, ibi tí yóò ti rí àwọn fáìlì iṣẹ́ náà mú. Ó ń sọ bí yóò ti kó wọn jọ kí wọ́n tó lè ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀, bí yóò ti dán wọn wò, ìwé àdéhùn tí yóò fọwọ́ sí, bí yóò ti kọ àkọsílẹ̀ kúkúrú nípa ohun tí ó ṣe, àti bí yóò ti fi ránṣẹ́ fún àyẹ̀wò. Fáìlì kan tilẹ̀ wà nínú iṣẹ́ náà tí wọ́n ń pè ní ACKS, orúkọ àwọn tí ó ti dá sí iṣẹ́ náà ni ó kún inú rẹ̀. Bí álífábẹ́ẹ̀tì bá ṣe tò ni wọ́n ṣe tò wọ́n, kò sí ti ọ̀gá níwájú, kò sí ti ọmọ iṣẹ́ lẹ́yìn. Ìyẹn dùn mọ́ mi nínú púpọ̀. Mélòó nínú àwọn ilé iṣẹ́ tí ẹ mọ̀ ni ó ní ìwé kan báyìí, tí orúkọ lébìrà àti ti ẹnjiníà wà lójú ewé kan náà?

Kí a kọ ìwé atọ́nà lẹ́ẹ̀kan kò ṣòro. Kí ó máa bá iṣẹ́ dọ́gba lójoojúmọ́ ni wàhálà. Títí di ọdún 2017, irin iṣẹ́ kan tí ń jẹ́ Mercurial ni àwọn ará Python fi ń tọ́jú àwọn fáìlì wọn. Ní oṣù Kejì ọdún náà wọ́n kó gbogbo rẹ̀ lọ sí GitHub, níbi tí irin iṣẹ́ mìíràn tí ń jẹ́ git ti ń ṣiṣẹ́. Ní ọjọ́ tí wọ́n kó lọ, àwọn àṣẹ tí ìwé atọ́nà ti kọ sílẹ̀ fún àlejò pé kí ó tẹ̀ di àṣẹ àná. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2022, wọ́n tún kó àkọsílẹ̀ àwọn àléébù lọ síbẹ̀ pẹ̀lú, ìwé náà sì tún di àtúnkọ. Àwọn kan ni ó jókòó, tí wọ́n ń kà á ní ìlà kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n ń pa ti àtijọ́ rẹ́, tí wọ́n ń fi tuntun sí i. Kò sí ìwé ìròyìn tí ó gbé orúkọ wọn jáde. Adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ara rẹ̀ ni kò jẹ́ kí a mọ̀. Lójú tèmi, ìwé atọ́nà tí ń parọ́ burú ju kí ìwé má sí lọ, nítorí ẹni tí kò ní ìwé yóò béèrè ọ̀nà, ṣùgbọ́n ẹni tí ìwé ṣì lọ́nà yóò rò pé òun ni kò gbọ́n. Yóò pa kọ̀ǹpútà rẹ̀, yóò lọ, kò sì ní padà wá mọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní ilé iṣẹ́ mọ ohun tí mo ń wí. Mo ti ṣiṣẹ́ rí níbi tí àgbà ẹlẹ́rọ kan ṣoṣo ti mọ bí a ti ń tún ẹ̀rọ ìdérí ìgò ṣe. Ìwé ẹ̀rọ náà wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí ìwé náà ń wí ti yàtọ̀ sí èyí tí ó wà nílẹ̀, nítorí ọdún pípẹ́ ni wọ́n ti ń pààrọ̀ ẹ̀yà ara rẹ̀ láìkọ ọ́ sílẹ̀. Nígbà tí bàbá náà fẹ̀yìntì, ọjọ́ mẹ́ta ni ẹ̀rọ fi dúró, àwa òṣìṣẹ́ ojúmọ́ ni a kò gbowó ọjọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Máníjà gba owó oṣù tirẹ̀ pé.

Ó di ọ̀ràn ìdánwò wàyí, ibẹ̀ sì ni mo fẹ́ jókòó sí díẹ̀, nítorí iṣẹ́ náà jinlẹ̀. Àkójọ ìdánwò Python ju 400 fáìlì lọ. Ohun tí fáìlì kọ̀ọ̀kan ń ṣe ni pé ó ń bi Python ní ìbéèrè tí a ti mọ ìdáhùn rẹ̀. Bí mo bá ní kí o to orúkọ wọ̀nyí, ṣé bí ó ti yẹ ni ìwọ yóò tò wọ́n? Bí mo bá ní kí o ṣí fáìlì tí kò sí, ṣé ìwọ yóò kígbe bí ó ti yẹ, tàbí ìwọ yóò dákẹ́ bí olè? Bí ìdáhùn bá yàtọ̀, ìdánwò náà kùnà, àtúnṣe tí ó fà á kò sì ní wọlé. Ohun tí wọ́n sì máa ń béèrè ni pé ẹni tí ó bá tún àléébù kan ṣe gbọ́dọ̀ fi ìdánwò kan kún un tí yóò mú àléébù náà bí ó bá tún yọjú lọ́la. Bí mẹkáníìkì bá tún bíréèkì ṣe lónìí, ohun kan wà ní gáréèjì tí yóò máa dán bíréèkì yẹn wò ní gbogbo òwúrọ̀ títí láé, bí mẹkáníìkì náà tilẹ̀ ti lọ sí ìlú òkèèrè.

Irin iṣẹ́ tí ń sá àwọn ìdánwò náà ní orúkọ kan, regrtest, òun pàápàá sì ní ọgbọ́n inú. Ẹ wo ọ̀kan: àléébù kan wà tí kì í jẹ́ kí ìdáhùn yàtọ̀, ṣùgbọ́n tí ń jẹ ibi ìpamọ́ inú kọ̀ǹpútà díẹ̀díẹ̀, bí páìpù tí ń jò lábẹ́ ilẹ̀. Láti mú un, wọ́n máa ń sá ìdánwò kan náà léraléra, wọ́n á sì ka ohun tí ó kù nínú ibi ìpamọ́ lẹ́yìn ìgbà kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá ń lé sí i nígbà gbogbo, ó ń jò nìyẹn. Ọ̀kan mìíràn rèé: ìdánwò kan lè yege bí ó bá dá wà, kí ó sì kùnà bí ó bá tẹ̀lé àwọn mìíràn. Ta ni ó ba tirẹ̀ jẹ́ nínú ogunlọ́gọ̀? Wọ́n ní irin iṣẹ́ kan tí ń pín wọn sí méjì, tí ń sá ìdajì, tí ń tún un pín, títí yóò fi ku àwọn tí ọ̀ràn kàn gan-an. Ènìyàn ni ó jókòó ṣe irin iṣẹ́ wọ̀nyí, ènìyàn ni ó sì ń tún wọn ṣe nígbà tí àwọn náà bá dákú.

Lẹ́yìn èyí ni àwọn ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní buildbot. Python gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ lórí Windows, lórí Linux, lórí macOS, lórí FreeBSD, lórí kọ̀ǹpútà ńlá ti báńkì àti lórí èyí tí kò tó àtẹ́lẹwọ́. Nítorí náà, oríṣiríṣi ènìyàn yọ̀ǹda ẹ̀rọ tiwọn láti máa gba àtúnṣe kí ó sì máa dán an wò. Bí ó bá dára, àmì aláwọ̀ ewé ni yóò hàn. Bí kò bá dára, àmì pupa. Àwọn tí ń gbé Python tuntun jáde, tí wọ́n ń ṣe é ní oṣù Kẹwàá ọdọọdún láti ọdún 2020, kì í fẹ́ rí pupa lórí àwọn ẹ̀rọ tí wọ́n gbára lé.

Ṣùgbọ́n ìdánwò kan wà tí ó jẹ́ ọ̀dàlẹ̀, òun ni ó ń kùnà lónìí tí ó ń yege lọ́la, láìsí pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan nǹkan. Ẹ̀yin dírẹ́bà, ẹ mọ iná kékeré iwájú ọkọ̀ yẹn tí ń tàn pé epo ẹ́ńjìnnì ti gbẹ nígbà tí epo kún fọ́fọ́. Ní ọ̀sẹ̀ kìíní ẹ ó dúró, ẹ ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì wò. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta ẹ kò wò ó mọ́. Ọjọ́ tí epo bá gbẹ ní tòótọ́ ni ẹ́ńjìnnì yóò kú sí ojú ọ̀nà márosẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ti pupa èké. Ẹni tí ó bá ń lépa irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ lè fi ọ̀sẹ̀ méjì wá ohun tí ó fà á, kí àtúnṣe rẹ̀ má ju ìlà méjì lọ. Bí ẹ bá ń ka iṣẹ́ ní iye ìlà, ọ̀lẹ ni ẹ ó pè é.

Ó dára. Owó ta ni wọ́n ń gbà? Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò gba owó kankan. Lẹ́yìn iṣẹ́ oòjọ́ ni wọ́n ń ṣe é, ní alẹ́ àti ní òpin ọ̀sẹ̀. Ohun tí èyí ń ṣe sí ènìyàn hàn lára ẹni tí ó dá èdè náà sílẹ̀ pàápàá. Ní oṣù Keje ọdún 2018, lẹ́yìn àríyànjiyàn gbígbóná lórí ohun kékeré kan tí wọ́n fẹ́ fi kún èdè náà, Guido van Rossum fi ipò olórí sílẹ̀. Ó ní ó rẹ òun láti máa jà kíkankíkan lórí ìpinnu, kí òun sì wá rí i pé ọ̀pọ̀ ènìyàn kórìíra rẹ̀. Láti ọdún 2019, ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni márùn-ún tí àwọn àgbà oníṣẹ́ fi ìbò yàn ni ó ń darí. Ẹ kíyè sí òfin kan tí wọ́n ṣe: nínú àwọn márùn-ún yẹn, òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo kò gbọdọ̀ ju méjì lọ. Àwọn tí ó ṣe òfin yìí mọ ìwà agbanisíṣẹ́.

Ní oṣù Keje ọdún 2021, àjọ tí ń bójú tó Python, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 2001, gba Łukasz Langa síṣẹ́ tí ó ń gbowó. Google ni ó kọ́kọ́ pèsè owó rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti yẹ àwọn àtúnṣe tí ó ti ṣù jọ wò, kí ó tu ohun tí ó dí ọ̀nà kúrò, kí ọ̀nà lè là fún àwọn tí ń yọ̀ǹda ara wọn. Àwọn mìíràn ti darapọ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn náà. Mo gbà pé ìgbésẹ̀ rere ni. Ṣùgbọ́n kò tó, mo sì fẹ́ sọ ìdí rẹ̀ láìfi epo bọ iyọ̀.

Microsoft náà gba àwọn ènìyàn síṣẹ́, pẹ̀lú Guido fúnra rẹ̀, láti mú kí Python yára sí i. Wọ́n ṣe iṣẹ́ náà, ó sì yára ní tòótọ́. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2025, ilé iṣẹ́ yẹn dá nǹkan bí 6,000 òṣìṣẹ́ dúró káàkiri ayé, díẹ̀ lára àwọn tí ń ṣe iṣẹ́ Python náà sì wà nínú wọn. Ilé iṣẹ́ náà kò wọ gbèsè o, èrè ni ó ń jẹ. Ẹni tí a bá fi orí rẹ̀ fọ́ àgbọn kì í jẹ níbẹ̀. Owó tí ó ń ti ọwọ́ ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo wá, ọjọ́ tí ó bá wù wọ́n ni wọn yóò gbà á padà.

Ti ìjọba náà kì í wá lọ́wọ́ òfo. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2025, àjọ Python kọ owó tí ó tó mílíọ̀nù kan àbọ̀ dọ́là, tí wọ́n ń retí láti ọ̀dọ̀ ìjọba Amẹ́ríkà, nítorí àdéhùn tí ó so mọ́ ọn pé wọn kò gbọdọ̀ ṣe ètò kankan tí ń fa onírúurú ènìyàn mọ́ra tí ó sì ń wá ìdọ́gba. Àjọ tí owó tí ó ń ná lọ́dún kò ju nǹkan bí mílíọ̀nù márùn-ún lọ ni ó kọ̀ ọ́. Ojú tì mí fún àwọn ilé iṣẹ́ ńlá nígbà tí mo gbọ́ ọ.

Àwọn kan yóò wí pé: ta ni ó rán wọn? Ṣebí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn yọ̀ǹda ni. Mo ti gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí rí, nígbà tí wọ́n ń sọ fún wa pé òfúùtáìmù tí a kò fagbára mú ni ṣe kì í ṣe òfúùtáìmù. Ẹni tí ó yọ̀ǹda láti tún ọ̀nà àdúgbò ṣe kò sọ pé kí ilé iṣẹ́ oníléku máa fi 100 ọkọ̀ akẹ́rù gba orí rẹ̀ lójúmọ́ láìdá sí òkúta rẹ̀. Òfin kò fi ipá mú wọn sanwó, mo mọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni òfin kò fi ipá mú ọ̀pọ̀ ohun tí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ti jà gbà kí ó tó di òfin.

Àtakò kejì wúwo jù, láàárín àwa fúnra wa ni mo sì ti gbọ́ ọ. Òṣìṣẹ́ tí ó bá kọ gbogbo ọgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ní, ó ti kọ ìwé ìdádúró ara rẹ̀. Nítorí náà kí olúkúlùkù pa tirẹ̀ mọ́ sínú. Mi ò fọwọ́ yẹpẹrẹ mú ọ̀rọ̀ yìí, nítorí àwọn kan ti jìyà rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹni tí ìwé náà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìwé tí a kọ fún máníjà, tí ó tì mọ́ inú ọ́fíìsì, ohun ìjà máníjà ni. Ìwé àwọn ará Python kò sí lábẹ́ àgádágodo ẹnikẹ́ni. Àwọn tí wọ́n dá dúró ní ọdún 2025 kò fi ìmọ̀ wọn sílẹ̀ fún ọ̀gá nìkan: ìdánwò tí wọ́n kọ ṣì wà níbẹ̀, àwọn fúnra wọn lè padà síbẹ̀ lọ́la láìbẹ ẹnikẹ́ni. Ohun tí wọn kò ní ni àdéhùn iṣẹ́ tí ó lágbára. Bí wọ́n bá sì ti pa ìmọ̀ mọ́ sínú, wọn ì bá tí ì ní i síbẹ̀.

Ohun tí mo rò pé ó tọ́ ni kí ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan tí ń fi Python pa owó máa dá owó sínú àpò àjọ náà lọ́dọọdún gẹ́gẹ́ bí agbára rẹ̀, bí àwa ti ń dá owó ẹgbẹ́, kí àjọ náà sì fi gba àwọn tí yóò máa tọ́jú ìwé atọ́nà àti ìdánwò, pẹ̀lú àdéhùn ọdún mélòó kan, kì í ṣe ọdún kan sí òmíràn. Bí ẹnì kan bá yọwọ́, àwọn tí ó kù yóò gbé e. Àwọn tí ń ṣe àṣàyàn ẹni tí yóò gba oyè àgbà oníṣẹ́ pẹ̀lú gbọ́dọ̀ máa ka ẹni tí ó tún ìwé ṣe àti ẹni tí ó lépa pupa èké mọ́ àwọn tí ń dá ohun tuntun sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí ilé wa mọ́. Ní ọdún 2017 ni àwọn tí ń lo Python ní Nàìjíríà kọ́kọ́ ṣe àpéjọ wọn tí wọ́n pè ní PyCon Nigeria, ní Èkó níbí. Ọ̀pọ̀ mẹ́ńbà ẹ̀ka wa ni ó ní ọmọ tí ń kọ́ èdè yìí, tí yóò sì wá iṣẹ́ fi ṣe. Bí ọmọ yín bá fẹ́ dá sí iṣẹ́ náà, ẹ má jẹ́ kí ó bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun ńlá. Kí ó tẹ̀lé ìwé atọ́nà láti ewé kìíní, ibikíbi tí ìwé náà bá ti ṣì í lọ́nà, kí ó kọ ọ́ sílẹ̀, kí ó sì fi àtúnṣe rẹ̀ ránṣẹ́. Ojú àlejò ni ó ń rí ihò tí onílé ti ń fò dá. Kí ó má sì gbàgbé láti ka wákàtí tí ó fi ṣe é.